Jordan, Àlejò Tí Kò Sanra

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kejì, Patricia Ṣówándé ti ibi iṣẹ́ dé sí ilé wọn ní Thamesmead, ó bọ́ bàtà, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó sì fẹ̀yìn ti àga. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Abbey Wood ló ti ń ṣiṣẹ́. Láti àárọ̀ ló ti ń gbé àwọn ìyá àgbà dìde, tó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹun, tó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lo oògùn. Ohun tó fẹ́ lákòókò náà kò ju pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe orúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni Moráyọ̀, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ti wọlé, tó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ omi, tó mú aṣọ ìnura, tó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.

Bí ọmọ tó ti lé lọ́mọ ogún ọdún bá ń nu ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́, ìyá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Moráyọ̀, kí lo fẹ́?"

"Mummy, mo fẹ́ ká foster."

Patricia la ojú. "Ká foster ta ni?"

"Jordan lorúkọ ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Kò ní pẹ́ lọ́dọ̀ wa, títí wọ́n á fi rí family tó máa mú un pátápátá ni. Ó gentle gan-an, Mummy, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ti rí nǹkan. Kò gbé inú ilé rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i."

"Kò gbé inú ilé rí? Ibo ló wá ń sùn?"

"Inú ahéré kan báyìí, òun àtàwọn tó kù. Eré ni wọ́n ń mú wọn sá. Tó bá ṣe first, owó ni fún wọn. Ó wá fi ẹsẹ̀ pa lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní àwọn ò nílò ẹ̀ mọ́."

"Nílùú Ọba yìí? Ìjọba ńkọ́?"

"Ó legal. Àwọn èèyàn máa ń lọ wò wọ́n, wọ́n á máa ta tẹ́tẹ́ lé wọn lórí."

Patricia gbé ẹsẹ̀ kúrò nínú omi. Omi ti dé ojú òun náà.

Japheth, ọkọ rẹ̀, wà lórí sófà níwájú wọn, ó fi ìwé ìròyìn bo ojú. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ti rí àwòrán Jordan lórí fóònù Moráyọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó mọ̀ pé ajá ni, ajá eré ìje tí àwọn òyìnbó ń pè ní greyhound, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, onírù gígùn. Ó tiẹ̀ ti ṣèlérí pé òun á bá Moráyọ̀ bẹ ìyá rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀. Nígbà tó wá rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti gba ọ̀nà ibòmíràn lọ, tí kò sì jọ pé wọ́n tún nílò ẹ̀bẹ̀ kankan mọ́, ó rọra ṣí ojú ìwé tó kàn.

Moráyọ̀ ní tirẹ̀ ti di àmùrè ogun kó tó wọlé. Nígbà tí kò bá ogun níbẹ̀, kò dúró bèèrè ìdí.

Ìdí sì wà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn òbí Patricia ní London nígbà tí wọ́n bí i, wọ́n sì gbé e fún ìyá òyìnbó kan ní Kent pé kó bá àwọn tọ́ ọ, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ṣe ń ṣe láyé ìgbà yẹn. Ó ti ń lọ sí ilé ìwé kí wọ́n tó wá mú un. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé e jáde lọ gbafẹ́. Afẹ́ náà di Abẹ́òkúta, níbi tí ọmọ kékeré tí kò gbọ́ Yorùbá, tí kò lè fi ẹnu kan ata, ti bẹ̀rẹ̀ ayé lákọ̀tun. Kò fojú kan ìyá òyìnbó náà mọ́. Nítorí náà, tí wọ́n bá ti sọ fún Patricia pé ọmọ kan wà tí kò rílé gbé, àlàyé tó kù kò ṣe pàtàkì.

"Ẹ mú un wá," ló wí. "Jordan. Odò tí wọ́n ti ri Olúwa wa bọmi. Ẹ mú un wá."

Moráyọ̀ dì mọ́ ọn lọ́rùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá iṣẹ́ lọ sí Manchester, ó ní Sátidé lòun àti Chloe tó ń bá ẹgbẹ́ tó ń wá ilé fún irú Jordan ṣiṣẹ́ máa gbé Jordan dé.

Ọjọ́ Ẹtì yẹn, Patricia wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Woolwich. Ó ra aṣọ àwọ̀sùn tó ní àwòrán ọkọ̀ òfurufú, ó ra búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kékeré, ó ra ife oníke tí wọ́n ya béárì sí. Ó pẹ́ nídìí sílípáàsì, torí kò mọ bí ẹsẹ̀ ọmọ náà ṣe tóbi tó. Nígbà tó délé, ó kó gbogbo àpótí tó wà nínú yàrá kékeré lókè jáde, ó tẹ́ ibùsùn, ó sì fi ohùn ránṣẹ́ sí àwọn ìyá ìjọ lórí fóònù: "Ẹ bá mi fi ọmọ kan sínú àdúrà o. Àwọn ìkà ti fi í ṣòwò." Àmín ń rọ́ wọlé bí òjò. Auntie Kàfí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ, kó àpò aṣọ tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti dàgbà kọjá wá.

Japheth ló gbé àpò náà lọ sókè. Ó dúró láàárín àtẹ̀gùn, ó fa ṣòkòtò kékeré kan yọ, ó wò ó síwá sẹ́yìn. Ó rò ó bóyá kí òun sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti dákẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, báwo ló ṣe fẹ́ la ẹnu lọ́jọ́ Ẹtì? Wọ́n á bi í pé níbo lẹnu rẹ̀ wà lánàá. Ó ká ṣòkòtò náà dáadáa, ó tò ó sínú dúrọ́ọ̀.

Ní Sátidé, Patricia wọ bùbá tó dáa. Ó se ìrẹsì tí kò ní ata. Alhaja Kabirat tó ń gbé ilé tó kàn wọ́n gbé abọ́ mọ́ínmọ́ín wá fún àlejò náà, àwọn obìnrin méjèèjì sì dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú òtútù. Ọkọ̀ funfun kan yà wọlé. Moráyọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ọmọbìnrin òyìnbó kan tó wọ bàtà òjò sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n sì rọra fa ẹranko kan jáde. Ó ga tó tábìlì ìjẹun. Àwọ̀ eérú ni. Ó tín-ín-rín débi pé èèyàn lè ka eegun ìhà rẹ̀ láti òdì kejì títì, ìrù rẹ̀ sì wà láàárín itan.

Patricia rò pé ajá ọmọbìnrin òyìnbó náà ni. Ó na ọrùn wo inú ọkọ̀.

"Ọmọ náà ńkọ́?"

"Ọmọ wo, Mummy?"

"Jordan."

Ẹranko náà gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó na etí sókè.

Alhaja Kabirat gbé mọ́ínmọ́ín rẹ̀ sókè díẹ̀, ó fà sẹ́yìn. "Mummy Moráyọ̀," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "mo gbọ́ ọ bí ẹni pé ọmọ lẹ ní."

Patricia kì í pariwo níwájú àlejò. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn wọn nínú ilé, tó ń wo àjà.

"Daddy Moráyọ̀, ẹ mọ̀ sí èyí?"

"Mo rí àwòrán."

"Àwòrán ta ni?"

"Ti... ti òun náà."

"Ẹ wá jẹ́ kí n lọ ra búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fún ajá."

Japheth ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. "Mo rò pé ó léyín," ó wí.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ yé Moráyọ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹnì kan kò lè sọ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Chloe kò gbọ́ Yorùbá, ó rò pé wọ́n ń kí ara wọn káàbọ̀ ni, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo wọn. Ara ajá náà ń gbọ̀n. Ó wo ilé, ó wo ọ̀nà, ó wo gbogbo èèyàn tó dúró, ó wá rìn lọ bá Patricia tààràtà, ó yí ẹ̀gbẹ́ sí i, ó sì fi gbogbo ara tì í ní itan.

Chloe ní bẹ́ẹ̀ ni irú wọn ṣe máa ń ṣe sí ẹni tí ọkàn wọn bá balẹ̀ sí. Patricia fẹ́ yẹ ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ajá náà wúwo, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì dá a lójú pé tí òun bá yẹ̀, yóò ṣubú. Ó dúró bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ méjì," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ilé ìdáná ni yóò máa gbé. Kò gbọdọ̀ gun àga mi. Kò sì gbọdọ̀ fi imú kàn mí."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó ṣú, Jordan ti wà lórí sófà. Japheth ló kọ́ ọ. Ó ní òun kò kọ́ ọ, ó ní òun kàn fi ọwọ́ lu tìmùtìmù lẹ́ẹ̀kan péré ni. Ajá náà dùbúlẹ̀ gbalaja, ó da ikùn dé òkè, ó na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí òfurufú bí àga tó dojú dé. Bó ṣe sùn nìyẹn títí di òwúrọ̀.

Àwọn tó rò pé ajá eré ìje á máa sáré kiri inú ilé kò mọ Jordan. Ó ti sáré tirẹ̀ tán. Japheth fọ́nnu fún àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ pé asáré-bí-ẹ̀fúùfù wà nílé òun, ó mú un lọ sétí adágún Southmere kí wọ́n lè wá wòran. Jordan rìn dé ìdí bẹ́ǹṣì, ó dúró. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n súfèé, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ sáré síwájú rẹ̀ láti fi hàn án. Jordan ń wò ó pẹ̀lú àánú. Nígbà tó yá, pẹ́pẹ́yẹ kan jáde nínú omi, ó pariwo mọ́ ọn, Jordan sì sá pamọ́ sẹ́yìn Japheth. Japheth ní kò burú, pé òun náà kì í fẹ́ kí wọ́n máa rán òun níṣẹ́ bọ́ọ̀sì mọ́ látìgbà tóun ti fẹ̀yìn tì.

Ohun kan tí Jordan kò mọ̀ rárá ni àtẹ̀gùn. Ibi tó ti wá, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni gbogbo ayé. Tí àwọn ará ilé bá ti gòkè, á dúró nísàlẹ̀, á máa sunkún bí ẹni tí ọkọ̀ ojú omi já sílẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Patricia ṣí ilẹ̀kùn, ó bá ọkọ rẹ̀, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, tó fi ọwọ́ àti orúnkún rá gòkè àtẹ̀gùn, itan adìyẹ kan lẹ́nu rẹ̀. Jordan jókòó nísàlẹ̀, ó ń wò ó.

"Ta ló ń kọ́ ta?" ni Patricia bi wọ́n.

Japheth kò lè dáhùn nítorí adìyẹ.

Ọ̀rọ̀ tó da Patricia láàmú jù lọ kì í ṣe àga, kì í sì í ṣe àtẹ̀gùn. Eegun ìhà ni. Lọ́jọ́ tí orúnkún Japheth ń dùn ún (kò sì jẹ́ sọ ohun tó fà á fún dókítà), Patricia ló mú Jordan jáde lọ sí Woolwich. Ìyá òyìnbó kan dá a dúró nítòsí ọjà, ó wo ajá, ó wo Patricia, ó ní ṣé ó máa ń fún ẹ̀dá Ọlọ́run yìí lóúnjẹ ṣá. Kò tíì gbé ìyẹn mì tán tó fi pàdé Brother Jìmí, ẹni tó ń darí ìpàdé àdúrà tí wọ́n máa ń ṣe nílé Patricia. Ìjọ wọn wà nínú ààwẹ̀ lóṣù náà.

"Mummy," ni Jìmí wí, tó tẹ̀ ba wo Jordan, "ṣé ẹ̀yin àti ajá lẹ jọ ń gba ààwẹ̀ yìí ni?"

Patricia rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá eyín. Níbi tó ti dàgbà, tí àlejò bá ti gbé ilé rẹ fún ọ̀sẹ̀ kan tí eegun rẹ̀ ṣì ń yọ, ìwọ onílé ni ìtìjú wà lára rẹ̀. Ó dé ilé, ó ṣí àpò oúnjẹ tí Chloe kó sílẹ̀, ó bu hóró gbígbẹ bí òkúta wẹ́wẹ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbọ́ òórùn rẹ̀.

"Ta ló lè sanra lórí èyí?" ló bi Jordan. Jordan pẹ̀lú rò ó bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, tí Moráyọ̀ bá ti jáde lọ síbi iṣẹ́, Patricia á gbé ìkòkò kaná kí òun náà tó lọ. Lónìí ìrẹsì àti ẹja títú, lọ́la iṣu sísè àti ẹyin. Kò fi ata sí i, kò fi àlùbọ́sà sí i, torí Moráyọ̀ ti kìlọ̀ pé àlùbọ́sà lè pa ajá. Á dúró tì í títí yóò fi lá abọ́ mọ́, á wá fọ abọ́ náà kíá. Ohun tí kò mọ̀ ni pé Japheth, tí ojú rẹ̀ kò gba pé kí èèyàn máa jẹ búrẹ́dì àti sadín-ìn nìkan lọ́sàn-án níwájú ẹni tó ń wò ó, ti ń pín tirẹ̀ sí méjì. Ohun tí àwọn méjèèjì kò sì mọ̀ ni pé Moráyọ̀ ń fún un ní hóró gbígbẹ láàárọ̀ àti lálẹ́, bí Chloe ṣe ní kó ṣe. Jordan mọ gbogbo rẹ̀, kò sì fọhùn.

Wẹ́ńsìdé ni ìpàdé àdúrà. Àwọn èèyàn kún pálọ̀, wọ́n di ojú, wọ́n sì ti fèrèsé pa nítorí òtútù. Jordan wà lábẹ́ tábìlì, ó ń sùn. Brother Jìmí ló ń gbàdúrà, àdúrà rẹ̀ sì máa ń gùn. Ó ti dé ibi tó ní kí Olúwa tú ohun gbogbo tó fara sin síta nígbà tí òórùn kan dìde láti ilẹ̀.

Kì í ṣe òórùn kékeré. Auntie Kàfí la ojú kan, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi gèlè bo imú. Ọkùnrin kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri súnmọ́ ògiri sí i. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ̀rọ̀, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni wọ́n á fura sí. Jìmí fúnra rẹ̀ dánu dúró díẹ̀, ó gbé mì, ó wá fi agbára tẹ̀ síwájú: "Ohunkóhun tó bá ti kú nínú ilé yìí, Olúwa, tó ń rà, gbé e jáde."

Àmín tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà, wọn ò ṣe irú rẹ̀ rí.

Òórùn kejì dé, ó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Patricia dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ gbayawu, òtútù sì ya wọlé. Auntie Kàfí ló kọ́kọ́ rí ìgboyà.

"Ajá yín ni," ló wí.

"Kò lè jẹ́ Jordan," ni Patricia dáhùn. "Hóró gbígbẹ nìkan ló ń jẹ."

Japheth gbà bẹ́ẹ̀ kíákíá jù. Moráyọ̀ wo ìyá rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀, ó wá wo abẹ́ tábìlì, níbi tí Jordan ti tún ara ṣe, tó mí kanlẹ̀.

Nígbà tí Chloe wá wọn ajá náà wò, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e sórí òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Ó bèèrè ohun tó ń jẹ. Patricia, kó lè rí nǹkan fi ọwọ́ ṣe, lọ ṣí ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ tó wà lórí iná. Bí ìdérí ṣe dún báyìí, Jordan dìde lórí sófà, ó rìn kọjá láàárín wọn, ó lọ jókòó nídìí iná, ó sì gbé ojú sókè sí Patricia bí òṣìṣẹ́ tó dé sẹ́nu iṣẹ́ lásìkò.

Chloe kò bínú. Ó jókòó ti Patricia, ó fa ọwọ́ rẹ̀, ó fi tẹ ẹ̀gbẹ́ ajá náà. Ó ní irú èyí, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Eegun ìhà rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa hàn díẹ̀, tó bá sanra, ẹsẹ̀ tó ti dá tẹ́lẹ̀ á máa dùn ún.

"Mo gbọ́," ni Patricia wí fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì. "Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ lò ń mú un rìn lọ́jà Woolwich. Èmi ni wọ́n ń wò."

Inú ẹ̀rọ ìránṣọ tí kò tíì lò láti ọdún pípẹ́ ló ti rí ojútùú. Ó rí àdìrẹ kan tó kù nínú àpótí, ó rí bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó máa fi ṣe inú rẹ̀, ó ní kí Jordan dúró, ó wọn ọrùn rẹ̀, ó tún un wọn torí kò gbà pé ọrùn ohun ẹlẹ́mìí lè gùn tó bẹ́ẹ̀. Kóòtù náà bò ó láti ọrùn dé ìdí, ó sì nípọn débi pé kò sí eegun tó lè yọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ jáde, àwọn èèyàn ń dá wọn dúró láti bèèrè ibi tí wọ́n ti ń tà á. Brother Jìmí náà rí wọn.

"Mummy, ajá yín mà ti sanra."

"Ọlọ́run ló ṣe é," ni Patricia wí, ó sì ń lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu bà á. Ìgbà tí oṣù Kẹta ń lọ sópin ni Chloe tẹ̀ wọ́n láago pé tọkọtaya kan ní Shooters Hill fẹ́ gba Jordan pátápátá. Moráyọ̀ bú sẹ́kún. Ó ní kí ìyá òun sọ pé àwọn ti pinnu láti mú un. Gbogbo wọn retí pé Patricia á gbà.

"Kí wọ́n kọ́kọ́ wá," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n rí wọn."

Wọ́n wá ní Sátidé pẹ̀lú Chloe. Orúkọ ọkọ ni Fọlárìn, ti ìyàwó ni Yéwándé, London ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí. Patricia wọ irú aṣọ tí èèyàn ń wọ̀ nígbà tí wọ́n bá wá tọrọ ọmọ, ó jókòó sí àárín, ó fi Japheth sí ọ̀tún.

Fọlárìn fẹ́ fi hàn pé òun gbọ́ Yorùbá. "Mummy, ṣé o lè sọ fún mi nǹkan tó máa ń jẹ?"

"O" dípò "ẹ". Patricia wo ọkọ rẹ̀. Yéwándé fi ìgbúnwọ́ gún ọkọ tirẹ̀.

"Sorry. Ṣé ẹ lè."

"Níbo lo ti wá?" ni Patricia bi í.

"Shooters Hill, Mummy."

"Mo ní níbo ni bàbá rẹ ti wá."

"Oh. Ìjẹ̀bú-Igbó."

Ọmọ Ẹ̀gbá ni Patricia. Ó mí sínú, ó mí síta. "Ìjẹ̀bú. Ṣé ẹ ò ní máa fi ife wọn oúnjẹ fún un?"

Moráyọ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún Chloe, Chloe sì ní ìyẹn gan-an lohun tí ẹgbẹ́ àwọn ń wá látọjọ́ yìí.

"Ta ló máa wà nílé lọ́sàn-án?"

"Èmi ni. Inú ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́."

"O ò níṣẹ́, àbí?"

"Ó níṣẹ́, Mummy," ni Yéwándé wí. "Kọ̀ǹpútà ni. Nílé ló ń ṣe é."

Bó ṣe ń lọ nìyẹn, ó kan ilé wọn, ó kan àtẹ̀gùn (wọn ò ní), ó kan ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń lọ (wọn kì í lọ déédéé, Patricia sì fi ìyẹn sílẹ̀ fún àdúrà). Ibi tí Japheth ti ń bi wọ́n nípa pẹ́pẹ́yẹ ni Jordan sọ̀ kalẹ̀ lórí sófà. Ó gbọ́ òórùn ọwọ́ Yéwándé. Ó yí Fọlárìn po. Ó wá yí ẹ̀gbẹ́ sí i, ó fi gbogbo ara tì í. Fọlárìn kò mira. Ó rọra gbé ọwọ́ lé e lọ́rùn bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ tuntun lé lọ́wọ́.

Patricia wò wọ́n fún ìgbà pípẹ́.

"Ìgbà díẹ̀ la ní ká fi tọ́ ọ, Moráyọ̀," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká mú un lọ. Ṣùgbọ́n èmi ni màá mú un débẹ̀, a ò sì ní tàn án."

Japheth ló wa ọkọ̀. Patricia jókòó sẹ́yìn, orí Jordan lórí itan rẹ̀. Ní Shooters Hill, ó wo ilé ìdáná wọn, ó ṣí fíríìjì wọn láìtọrọ àyè, ó mú Jordan yí gbogbo yàrá ká, ó tẹ́ kóòtù àdìrẹ sórí sófà wọn. Ó jókòó tì í títí tó fi da ikùn dé òkè tó sùn lọ. Fọlárìn wí jẹ́jẹ́ pé bóyá àkókò ti tó kí wọ́n yọ́ jáde kó tó jí.

"Rárá," ni Patricia wí. "A kì í yọ́ fi ọmọ sílẹ̀."

Ó jí i. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ojú rẹ̀ mú, ó sì sọ fún un ní Yorùbá pé òun ń lọ, pé ibí ni yóò máa gbé, pé kì í ṣe pé òun kò fẹ́ ẹ, pé òun á máa wá wò ó. Ó sọ ọ́ tán pátá. Jordan yán, ó yí ara padà, ó tún sùn.

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, Patricia ń nu ojú. Japheth, tó wa bọ́ọ̀sì ní agbègbè náà fún èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀, kọjá ọ̀nà ilé wọn lẹ́ẹ̀mejì, ó ní iná ojú pópó ni kò hàn dáadáa. Ojú ọ̀sán sì ni.

Oṣù kan kò pé kí Patricia tó fi ẹnu ara rẹ̀ pe Chloe. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ní èyí tó ń wá ilé ni. Láti ìgbà náà ni irú wọn ti ń gba ilé náà kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Fọlárìn ti mọ "ẹ" lò báyìí, ó sì máa ń fi àwòrán Jordan ránṣẹ́ sí i láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú.

Èyí tó wà lọ́dọ̀ wọn báyìí ń jẹ́ Duchess. Abo ni, ó dúdú bíi kóró iṣin, ó ti fa kọ́tìnnì pálọ̀ kan ya, ó sì kórìíra òjò débi pé kò ní tọ̀ tí ohun kan bá kán lé e lórí. Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, Alhaja Kabirat wo ẹ̀yìnkùlé wọn láti ojú fèrèsé rẹ̀, ó rí Japheth nínú aṣọ àwọ̀sùn, tó di agbòjò ńlá mú lé ajá lórí, tí òun fúnra rẹ̀ ti rin gbingbin. Alhaja ṣí fèrèsé.

"Daddy Moráyọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o."

"A dúpẹ́, Alhaja," ni Japheth dáhùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ báyìí. Ó fẹ́ ṣe é."